Baguida, Ibodè Òkun: Bí Ilẹ̀ Tógò Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ẹni tí ó bá gba ojú ọ̀nà etíkun láti Lomé lọ sí Aného yóò kọjá èbúté ńlá àti àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n tò gbọọrọ lẹ́bàá rẹ̀ kí ó tó dé Baguida. Ìlú kékeré ni lójú ẹni tí ń sáré kọjá: igi àgbọn, iyanrìn, ọjà, àwọn ilé ìtura létí òkun, àwọn apẹja tí ń fa àwọ̀n. Ó máa ń ṣòro fún àjèjì láti gbà pé níbí yìí ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé tí ó bí orílẹ̀-èdè Tógò, àti pé Baguida ni olú-ìlú àkọ́kọ́ tí ilẹ̀ náà ní, ṣáájú Zébé, ṣáájú Lomé. Àwa tí a ń gbé ibẹ̀ pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí.

Ìbéèrè kan tún wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń béèrè, tí ó sì bá èyí tan: èéṣe tí olú-ìlú Tógò fi wà ní ẹnu ààlà gan-an? Ẹni tí ó bá gbé omi kaná ní Kodjoviakopé lè fi ẹsẹ̀ rìn wọ ilẹ̀ Ghana kí omi náà tó hó. Ọ̀pọ̀ ìjọba ni í fi olú-ìlú pamọ́ sí àárín ilẹ̀. Ti Tógò dúró sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí ń ṣọ́ ilé. Ìdáhùn ìbéèrè yìí wà nínú ọ̀rọ̀ kan tí Yorùbá mọ̀ dáadáa: ibodè.

Ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́, kò sí ìlú olódi tí kò ní bodè, kò sì sí bodè tí kò ní oníbodè. Oníbodè mọ ẹni tí ń wọlé, ó mọ ẹni tí ń jáde, ó sì ń gba owó-bodè lórí ẹrù fún ọba àti àwọn ìjòyè. Ní sáà ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, owó-bodè ojú ọ̀nà Ẹ̀gbá àti ti Ìjẹ̀bú wà lára ohun tí ó ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwọn ìlú òkè àti àwọn ìlú tí ó sún mọ́ òkun, nítorí ẹni tí ó bá di bodè mú ni ó di ọ̀nà ìbọn àti ọ̀nà iyọ̀ mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oníṣòwò kò dẹ́kun láti máa wá ọ̀nà ẹ̀bùrú tí wọn yóò fi yẹ bodè sílẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀bùrú ni Lomé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè má dùn mọ́ àwọn ará Lomé nínú, ṣùgbọ́n kò sí àbùkù níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ayé ni òwò ti bí kí ìjọba tó sọ wọ́n lórúkọ.

Ní ọdún 1850, àwọn ará Denmark ta àwọn odi wọn ní Etíkun Wúrà fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Odi Prinsensten tí ó wà ní Keta wà lára wọn. Ní ọdún 1874, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ Etíkun Wúrà di ilẹ̀ àmúsìn. Ìjọba ilẹ̀ àmúsìn a máa jẹ owó, owó-bodè ni ó sì ń bọ́ ọ: owó orí ọtí, owó orí tábà, owó orí ìbọn àti ẹ̀tù. Àwọn oníṣòwò Anlo tí wọ́n wà ní agbègbè Keta kò fẹ́ san án. Wọ́n ń já ẹrù wọn sílẹ̀ ní ìkọjá ibi tí àṣẹ Gẹ̀ẹ́sì dópin sí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà sì ń sún ibodè wọn síwájú tẹ̀lé wọn, títí wọ́n fi dé Aflao ní oṣù Kejìlá ọdún 1879. Ibẹ̀ ni wọ́n dúró. Oníṣòwò rìn kọjá Aflao díẹ̀, ó bọ́ sórí iyanrìn àwọn ará Bè, ó já ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, kò san kọ́bọ̀.

Iyanrìn àwọn ará Bè yìí ni Lomé. Ìtàn wọn sọ pé ọdẹ kan tí ń jẹ́ Dzitri, tí ó wá láti Notsé, ni ó kọ́kọ́ tẹ̀dó láàrin àwọn igi alo, igi tí wọ́n ń gé ṣe orin tí wọ́n ń run ní òwúrọ̀. Alo-mé, èyí tí í ṣe “láàrin àwọn igi alo”, ni ó di Lomé. Láti nǹkan bí ọdún 1880, àwọn oníṣòwò ya dé ibẹ̀. Àwọn Anlo wá láti Keta, àwọn Mina wá láti Aného. Àwọn Sàró wá. Àwọn Aguda náà wá, ìyẹn àwọn tí wọ́n ti Brazil padà bọ̀ àti àwọn ọmọ wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Octaviano Olympio, wá gẹ́gẹ́ bí aṣojú Swanzy, ilé-iṣẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di ọlọ́rọ̀ oko àgbọn àti ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ sókè láàrin ìlú. Àwọn Yorùbá, tí àwọn Ewe ń pè ní Anago, kò gbẹ́yìn: Anagokomé, àdúgbò àwọn Anago, ṣì wà láàrin Lomé títí di òní. Àwọn ilé-iṣẹ́ Bremen àti Hamburg sì kọ́ ilé ìkẹ́rùsí wọn sétí òkun.

Baguida jókòó sí ìhà ìlà oòrùn Lomé, lórí ọ̀já iyanrìn kan náà. Òkun wà níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilẹ̀ omi wà títí dé odò ńlá Tógò, níbi tí epo pupa àti èkùrọ́ ti ń wá. Kò sí èbúté kankan ní gbogbo etíkun yìí nígbà náà. Ọkọ̀ ńlá a dúró lókèèrè, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n a sì la ìgbì kọjá láti lọ gbé ẹrù wá. Bí ìgbì bá bínú, ẹrù á lọ, ènìyàn á lọ.

Kì í ṣe pé Berlin ti ń lá àlá Tógò tipẹ́. Bismarck fúnra rẹ̀ kò ka ilẹ̀ òkèèrè sí ohun tí ó yẹ kí Jámánì máa náwó lé. Àwọn oníṣòwò ni wọ́n ń pariwo. Wọ́n rí i pé bí Gẹ̀ẹ́sì bá tún sún ibodè rẹ̀ láti Aflao, tí Faransé náà sì ń bọ̀ láti ìhà Àjàṣẹ́, wọn yóò há sáàrin, òwò tí kò ní owó-bodè yóò sì dópin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1884, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Aného láàrin àwọn oníṣòwò Jámánì àti àwọn tí wọ́n fara mọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ ogun Sophie dé, àwọn ọmọ ogun inú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn kan lọ sí Jámánì gẹ́gẹ́ bí ẹni ìdógò. Nígbà tí yóò fi di oṣù Keje, ọkọ̀ ogun mìíràn, Möwe, ti dé sí etíkun kan náà, ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ sì ni Gustav Nachtigal.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọkùnrin yìí, nítorí kì í ṣe jagunjagun. Dókítà ni. Láàrin ọdún 1869 sí 1874, ó la aginjù Sàhárà kọjá láti Tripoli, ó kó ẹ̀bùn ọba Prussia lọ fún Shehu Borno ní Kukawa, ó rìn dé Wadai, ó sì gba Sudan padà sílé. Ìwé tí ó kọ lórí ìrìn-àjò náà ṣì wúlò fún àwọn onítàn Borno títí di òní, nítorí pé ó mọ bí a ti í fetí sílẹ̀. Ọkùnrin tí ó mọ bí ààfin ọba Áfíríkà ti rí, tí ó ti jókòó dúró dè àwọn ọba fún oṣù púpọ̀, òun ni Bismarck rán wá pẹ̀lú ìwé àdéhùn tí wọn kò ní ju ọjọ́ kan lọ láti parí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà máa ń ká mi lára nígbà tí mo bá rò ó: òpè kọ́ ni ó ṣe é.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje ọdún 1884, ní Baguida, Nachtigal fọwọ́ sí ìwé náà ní orúkọ Késárì Jámánì. Ẹnìkejì nínú àdéhùn náà ni Mlapa III, ọba ìlú Tógò. Ṣùgbọ́n Mlapa kò sí níbẹ̀. Plakou, ẹni tí ń gbé ọ̀pá rẹ̀, ni ó dúró fún un, pẹ̀lú àwọn olórí mélòó kan láti etíkun. Wọ́n gbé àsíá Jámánì sókè ní Baguida lọ́jọ́ náà, wọ́n sì gbé e sókè ní Lomé ní ọjọ́ kejì.

Kí ni ó wà nínú ìwé náà? Pé ọba Tógò béèrè ààbò Késárì fún ilẹ̀ rẹ̀, láti ààlà ìlà oòrùn Porto Seguro, tí a ń pè ní Agbodrafo lónìí, títí dé ààlà ìwọ̀ oòrùn Lomé. Pé kò ní fi ilẹ̀ náà fún ìjọba mìíràn, kò sì ní bá àjèjì mìíràn ṣe àdéhùn láìjẹ́ pé Késárì gbà. Pé àwọn olórí yóò máa gba ṣílè kan lórí tọ́ọ̀nù epo kọ̀ọ̀kan àti ṣílè kan lórí tọ́ọ̀nù èkùrọ́ kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń gbà á tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má sì fi kún un. Pé Késárì kò ní dí òwò lọ́wọ́. Ẹ tún un kà, ẹ óò rí i pé ìwé òwò ni. Owó-bodè ni ó gba ipò iyì nínú rẹ̀. Ohun tí àwọn olórí etíkun rò pé àwọn ń dáàbò bò ni ibodè kékeré tí ó jẹ́ tiwọn. Ohun tí Jámánì sì ń rà ni ẹ̀tọ́ láti dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ kí ó má kọ́ ibodè síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Plakou ni ó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù. Fún wa tí a jẹ́ ọmọ Yorùbá, kò ṣòro láti lóye ipò rẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ náà tó di orúkọ àwọn agbófinró, ọlọ́pàá ni ẹni tí ń gbé ọ̀pá ọba. Ọ̀pá náà ń sọ pé ọ̀dọ̀ ọba ni ẹni yìí ti ń bọ̀, pé kí a má fọwọ́ kàn án, pé kí a fetí sí ohun tí wọ́n fi rán an. Nílùú Ọ̀yọ́, ìlàrí lè dé ìlú òkèèrè, kí gbogbo ìlú sì dọ̀bálẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ikọ̀ a máa jíṣẹ́ ni. Kì í ta ilẹ̀. Ẹni tí ó gbé ọ̀pá lè sọ pé “ọba kí yín”, ó sì lè sọ pé “ọba gbọ́”, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í sí ní ìkáwọ́ ọlọ́pàá, kódà kì í sí ní ìkáwọ́ ọba nìkan láìsí àwọn ìdílé tí wọ́n ni ín. Òfin ilẹ̀ Ewe kò yàtọ̀ sí tiwa lórí kókó yìí.

Ìṣòro kejì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìlú Tógò, tí a ń pè ní Togoville lónìí, wà ní òkè odò, ní òdìkejì omi. Orúkọ rẹ̀ gan-an ń sọ ọ̀rọ̀ omi àti bèbè rẹ̀. Ìlú tí ó ní iyì ẹ̀sìn ni, a sì ń bọ̀wọ̀ fún ọba rẹ̀ jákèjádò agbègbè odò náà. Àmọ́ àwọn ará Bè ní àwọn àlùfáà àti òòṣà tiwọn. Àwọn ará Agbodrafo ní olórí tiwọn. Lomé jẹ́ àpapọ̀ àjèjì tí olúkúlùkù ń gbọ́ ti olórí ìdílé rẹ̀. Àṣẹ Mlapa kò dé etíkun lọ́nà tí ìwé náà gbà fi í hàn. Nachtigal nílò ọba kan ṣoṣo fún ilẹ̀ kan ṣoṣo, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ṣe mọ̀ ọ́n kọ. Nígbà tí kò sí irú ọba bẹ́ẹ̀, ìwé dá ọ̀kan sílẹ̀. Hugo Zöller, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Kölnische Zeitung, wá sí etíkun yìí ní ọdún kan náà. Ní ọdún 1885 ìwé rẹ̀ jáde, ó sì gbé orúkọ ìletò létí odò náà sórí gbogbo ilẹ̀. Báyìí ni àwọn ará Kara, àwọn ará Sokodé, àwọn Ifẹ̀ Atakpamé, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọ́ orúkọ Mlapa rí, ṣe di ará Tógò.

Irú nǹkan yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ sí àwọn Yorùbá náà, àwọn tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n kò pọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1885, Nachtigal kan náà lọ sí Mahin nílẹ̀ Ìlàjẹ, ní ìlà oòrùn Èkó, níbi tí G. L. Gaiser, oníṣòwò Hamburg tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Èkó, ti ń wá ilẹ̀ létí òkun tí aṣọ́bodè Gẹ̀ẹ́sì kò ní dé. Wọ́n bá Amapetu ti Mahin ṣe àdéhùn. Ọgbọ́n kan náà ni: ẹ wá ibi tí ibodè Èkó parí sí, kí ẹ já ẹrù sílẹ̀ ní ìkọjá rẹ̀. Bismarck kò fẹ́ bá Gẹ̀ẹ́sì jà nítorí Mahin, ó sì fi í sílẹ̀ fún wọn lọ́dún náà. Nachtigal kò rí òpin rẹ̀; ó kú lójú òkun nínú ọkọ̀ Möwe ní oṣù Kẹrin ọdún 1885. Àwọn Ìlàjẹ di ará Nàìjíríà nítorí ìpinnu ọ̀sán kan ní Berlin. Ìpinnu mìíràn ì bá ti sọ wọ́n di ará ilẹ̀ ibòmíràn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n ń ka ìtàn Amẹ́ríkà yóò sọ pé àwọn ti rí irú ilẹ̀ àkọ́tẹ̀dó báyìí rí. Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Keje ọdún 1787, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà gbé òfin kalẹ̀ fún ilẹ̀ tí ó wà ní ìhà àríwá odò Ohio. Gómìnà kan ni yóò kọ́kọ́ ṣàkóso rẹ̀. Bí àwọn ọkùnrin òmìnira tí wọ́n ti dàgbà níbẹ̀ bá pé 5,000, wọn yóò yan ilé aṣòfin. Bí àwọn ènìyàn òmìnira bá pé 60,000, ilẹ̀ náà lè di ìpínlẹ̀ tí ó bá àwọn yòókù dọ́gba. Olú-ìlú ilẹ̀ yẹn náà ń ṣí kiri, láti Marietta sí Cincinnati, láti Cincinnati sí Chillicothe, gẹ́gẹ́ bí tiwa ti ṣí láti Baguida sí Zébé àti láti Zébé sí Lomé. Níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n ń kó ìwé àdéhùn lọ bá àwọn ọmọ onílẹ̀, wọ́n ń yan olórí kan kí ó fọwọ́ sí ohun tí ó jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ìdílé. Lẹ́yìn ogun, ní ọdún 1795, wọ́n gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ tí ó di Ohio lọ́wọ́ wọn nípa àdéhùn Greenville.

Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a fojú sí. Òfin ọdún 1787 ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n wá tẹ̀dó, ó sì sé e mọ́ àwọn onílẹ̀. Ní Baguida kò sí àwọn tí wọ́n wá tẹ̀dó. Àwọn Jámánì tí ń gbé Tógò kò tó nǹkan rárá títí wọ́n fi lọ. Nítorí náà kò sí ẹnikẹ́ni tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún. Kò sí iye ènìyàn tí Tógò lè ní tí yóò fi ní ilé aṣòfin. Ààbò ni wọ́n pè é, ààbò náà kò sì ní ọjọ́ tí yóò parí.

Olú-ìlú ni Baguida fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Heinrich Randad, aṣojú ilé-iṣẹ́ Wölber & Brohm ti Hamburg, ni Nachtigal fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí konsú fún ìgbà díẹ̀. Ẹ wò ó: oníṣòwò tí ó fẹ́ kí ibodè máà sí ni wọ́n fi ṣe oníbodè. Ní ọdún 1885, Ernst Falkenthal dé gẹ́gẹ́ bí kọmíṣọ́nnà Késárì, ó kó ìwọ̀nba ọmọ Haúsá jọ, ó fi wọ́n ṣe ọlọ́pàá, ìjọba sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà yẹn Aného kò tíì dá Jámánì lójú, nítorí Faransé náà ń sọ pé òun ni òun ni ín. Àdéhùn ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejìlá ọdún 1885 ni ó yanjú rẹ̀: Faransé fi Aného àti Porto Seguro sílẹ̀, Jámánì sì fi ohun tí ó ń béèrè sílẹ̀ ní etíkun Guinea. Kò sẹ́ni tí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Aného.

Ìgbà tí Aného bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ni Baguida pàdánù ipò rẹ̀. Ìlú òwò àtijọ́ ni Aného, ó ní àwọn ìdílé ńlá, ó ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Mẹ́tọ́díìsì, ó sì sún mọ́ odò Mono. Ní ọdún 1887, wọ́n kó ìjọba lọ sí Zébé tí ó wà lẹ́bàá rẹ̀. Ní sáà kan náà, àwọn Jámánì gbé owó-bodè tiwọn kalẹ̀ lórí ọtí, ìbọn, ẹ̀tù àti tábà, nítorí pé ìjọba tiwọn náà ń jẹ owó. Àwọn oníṣòwò tí wọ́n sá fún oníbodè kan ti kọ́lé fún òmíràn.

Láti etíkun ni wọ́n ti wọ inú ilẹ̀ lọ. Ní ọdún 1888, dókítà Ludwig Wolf kọ́ ibùdó Bismarckburg sórí òkè ní ilẹ̀ Adele. Ó kú ní ọdún kejì nígbà tí ó ń rin ilẹ̀ Bàrìbá. Ibùdó Misahöhe tẹ̀lé e ní ọdún 1890. Àdéhùn pẹ̀lú Faransé ní ọdún 1897 àti pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1899 fi ààlà sí ibi tí ó kù. Ọ̀já iyanrìn tí kò ju nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà lọ ní etíkun ti di ilẹ̀ tí ó tó 87,000 kìlómítà níbùú lóròó.

Atakpamé ni ó kàn wá jù, nítorí àwọn Ifẹ̀ tí wọ́n wà níbẹ̀, tí wọ́n ń sọ èdè tí ọmọ Yorùbá kan kò ní nílò ògbufọ̀ púpọ̀ láti gbọ́, tí wọ́n sì ń ka Ilé-Ifẹ̀ sí orísun wọn. Òwú ni Jámánì ń wá ní agbègbè wọn àti ní Kpalimé. Níbí ni Amẹ́ríkà ti tún wọ inú ìtàn wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1901, ìgbìmọ̀ kan ní Berlin mú àwọn ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú mẹ́rin wá láti ilé-ẹ̀kọ́ Tuskegee tí Booker T. Washington ń darí: James Calloway, John Robinson, Allen Burks àti Shepherd Harris. Wọ́n lọ sí Tové, lẹ́bàá Kpalimé, láti gbin òwú. Àwọn ẹran tí ó yẹ kí ó fa ọkọ̀ àti ohun èlò ìtúlẹ̀ kú. Ènìyàn ni ó fà wọ́n. Àwọn ọmọ ẹrú tí wọ́n gbin òwú ní Alabama ni wọ́n mú wá kọ́ àwọn ará Tógò bí a ti í gbin òwú fún Jámánì, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Tógò ti ń gbin òwú, wọ́n ti ń ran án, wọ́n ti ń hun aṣọ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Alabama. Robinson nìkan ni ó pẹ́ níbẹ̀. Ó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ òwú ní Notsé, ó sì kú sínú omi ní ọdún 1909.

Iṣẹ́ tipátipá àti pàṣán kò gbẹ́yìn òwú. Ní Atakpamé, àwọn àlùfáà Kátólíìkì fẹ̀sùn kan Geo Schmidt, olórí ẹkùn náà, pé ó ń ni àwọn ènìyàn lára, ó sì ń hùwà àìtọ́ sí àwọn ọmọbìnrin. Ní ọdún 1903, àwọn àlùfáà ni ìjọba mú, kì í ṣe ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ẹjọ́ náà dé ilé aṣòfin Jámánì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1906, aṣòfin Hermann Roeren dìde, ó sì tú àṣírí náà síta. Fún ọjọ́ díẹ̀, orúkọ Atakpamé wà lẹ́nu gbogbo ará Berlin. Mo máa ń rò ó pé ohùn àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn àlùfáà, ní èdè Ifẹ̀, ni ó rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó dárúkọ èdè náà níbẹ̀.

Lomé ti gba ipò olú-ìlú lọ́wọ́ Zébé ní oṣù Kẹta ọdún 1897, ní ìgbà August Köhler. Ọjà inú ilẹ̀ ń wá sí Lomé ju Aného lọ, àti pé ẹni tí ó bá jókòó sí ẹnu ààlà yóò lè ṣọ́ ohun tí ń wọlé láti Keta. Ìdí nìyí tí olú-ìlú wa fi wà níbi tí ó wà: ibodè tí Gẹ̀ẹ́sì gbé sí Aflao ní ọdún 1879 ni ó fi í síbẹ̀. Ní ọdún 1904, wọ́n ṣí afárá irin tí wọ́n nà wọ inú òkun, èyí tí gbogbo ayé Lomé ń pè ní wharf. Ojú irin dé Aného ní ọdún 1905, ó dé Kpalimé ní ọdún 1907, ó dé Atakpamé ní ọdún 1911. Láti ìgbà náà, Lomé ni gbogbo ẹrù etíkun ń gbà. Àwọn atukọ̀ tí wọ́n ń la ìgbì ní ibi yòókù wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Baguida padà sí ìdí àwọ̀n àti àgbọn.

Ní ọdún 1913, Octaviano Olympio àti àwọn ọlọ́lá Lomé kọ̀wé fún Solf, mínísítà ilẹ̀ òkèèrè Jámánì, nígbà tí ó wá bẹ ilẹ̀ náà wò. Wọ́n béèrè pé kí a fòpin sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán, kí a tún ẹ̀wọ̀n ṣe, kí a dín owó orí kù, kí àwọn ọmọ ilẹ̀ ní ẹnu nínú ìgbìmọ̀ ìjọba. Wọn kò béèrè pé kí Jámánì lọ. Ilẹ̀kùn tí ìwé ọdún 1884 kò ní, ìyẹn ni wọ́n ń béèrè. Lọ́dún kejì ogun dé. Jámánì túúbá ní Kamina lẹ́bàá Atakpamé ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ ọdún 1914, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé sì pín ilẹ̀ náà láàrin ara wọn.

Ní ọdún 1968, wọ́n ṣí èbúté ńlá tí ó wà láàrin Lomé àti Baguida. Owó Jámánì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Aṣọ́bodè ti padà súnmọ́ ibi tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé nítorí owó-bodè. Ògiri èbúté náà dá iyanrìn dúró sí ìhà ìwọ̀ oòrùn, láti ìgbà náà ni òkun sì ti ń jẹ etíkun ní ìhà ìlà oòrùn, láti ìhà Baguida lọ títí dé Agbodrafo àti Aného. Ọ̀já iyanrìn tí Plakou àti Nachtigal dúró lé lórí ń dín kù lọ́dọọdún.